Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà Ní Ìdílé



Tí ẹ bá fẹ́ dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ má wulẹ̀ wá pàṣán. Ẹ ṣáà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sójú pátákó, kí ẹ ní kó wá kà á síta:

Pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis.

Lẹ́tà 45! Àwọn kan nínú wa ti há a sórí, wọ́n sì máa ń fi ṣe fáàrí fún àwọn ọmọ JSS1. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló túmọ̀ sí, wọ́n á máa họ orí. Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni pé kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó jábọ́ láti ojú ọ̀run. Gbogbo wọn ló ní bàbá, wọ́n ní ìyá, wọ́n sì ní ìlú tí wọ́n ti wá. Ẹni tó bá mọ ilé ọ̀rọ̀ kò ní í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń lò fún wa lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé tí a bá mọ ilé rẹ̀, bóyá a ò ní í fẹ́ kí wọ́n máa pè é mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sí ìkẹyìn.

ẸRÙ TÍ WỌ́N DÌ

Ọ̀rọ̀ gígùn dà bí ẹrù tí wọ́n dì. Tí ẹ bá tú okùn rẹ̀, ẹ ó rí i pé nǹkan kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. "Pneumono" wá láti èdè Gíríìkì, ẹ̀dọ̀fóró ló ń sọ. Ẹ rántí "pneumonia", àrùn tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà. "Ultra" jẹ́ ọ̀rọ̀ Látìn, ohun tó kọjá ààlà. "Microscopic" ni ohun tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, àfi kí èèyàn lo ẹ̀rọ tó wà ní láàbù wa. "Silico" ni silica, èròjà tó pọ̀ nínú yanrìn. "Volcano" ni òkè tó ń yọ iná, ó sì wá láti ara Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́. "Coni" ni eruku lédè Gíríìkì. "Osis" ló máa ń wà ní ìdí orúkọ àìsàn.

Ó tán! Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku kíkúnná láti òkè oníná ń fà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù: eré ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 1935, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Everett M. Smith, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn àlọ́ ọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì lè ní ọ̀rọ̀ tó gùn ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn dókítà fúnra wọn ò da ara wọn láàmú, "silicosis" ni wọ́n ń pè é ní tiwọn.

Àwa Yorùbá náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù ọ̀rọ̀. Olúwafèyíkẹ́mi, ṣé orúkọ lásán nìyẹn? Odidi gbólóhùn ni: Olúwa fi èyí kẹ́ mi. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé lẹ́tà jágbajàgba ni wọ́n kó jọ. Bí ó ṣe rí lára rẹ̀ náà ló ṣe ń rí lára wa tí a bá kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn.

ẸṢIN ODÒ, ERIN OMI

Ẹ wo "hippopotamus". Gíríìkì ni. "Hippos" ni ẹṣin, "potamos" ni odò. Ẹṣin odò! Àwọn Gíríìkì rí ẹranko ńlá yìí nínú omi, ẹṣin ló jọ lójú wọn. Àwọn baba wa náà rí i, wọ́n ní rárá o, èyí ti ju ẹṣin lọ, ni wọ́n bá pè é ní erinmi, ìyẹn erin omi. Ẹranko kan náà ni, ojú tí kálukú fi wò ó ló yàtọ̀. Àwa nínú ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn gbà pé tiwa ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ lè bá wa jiyàn.

Ìgbádùn tó wà nínú rẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ kan máa ń ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀. Tí ẹ bá ti mọ "potamos", ẹ ti mọ "Mesopotamia" tí wọ́n kọ́ wa nínú ìtàn: ilẹ̀ tó wà láàárín odò méjì, odò Tigris àti odò Euphrates. Ẹ ò ní í há a sórí mọ́, orúkọ náà fúnra rẹ̀ á máa sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ìṣirò. Kí ló dé tí wọn kì í sọ "oneteen" àti "twoteen", tó jẹ́ "eleven" àti "twelve" ni? Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "eleven" túmọ̀ sí "ó ku ọ̀kan", "twelve" sì túmọ̀ sí "ó ku méjì". Ìyẹn ni pé tí èèyàn bá ti ka ẹ̀wá tán, ọ̀kan ló kù sílẹ̀, tàbí méjì. Ẹ wá wo mọ́kànlá tiwa: ọ̀kan lé ní ẹ̀wá. Méjìlá: méjì lé ní ẹ̀wá. Ṣé ẹ rí i? Àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn baba ńlá Yorùbá kò rí ara wọn rí, síbẹ̀ ìka mẹ́wàá ọwọ́ wọn ni wọ́n jọ ń kà, ohun tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n sì ń dárúkọ. Gẹ̀ẹ́sì dá ti tirẹ̀ dúró ní méjìlá. Tiwa lọ títí dé mẹ́rìnlá, kó tó wá di pé à ń yọ kúrò nínú ogún: márùn-ún dín ní ogún, mẹ́rin dín ní ogún.

ỌJỌ́ ṢÀNGÓ ÀWỌN GẸ̀Ẹ́SÌ

Gbogbo wa la mọ̀ pé nínú ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ọjọ́ Jàkúta jẹ́ ti Ṣàngó, òrìṣà tó ń fi ẹdùn àrá jà. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? "Thursday" ni. Kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní òrìṣà àrá tí àwọn ará àríwá Yúróòpù ń pè ní Thor, òun ló ni ọjọ́ náà. Òòlù ni tirẹ̀ fi ń jà, kì í ṣe ẹdùn. "Tuesday" jẹ́ ti òrìṣà ogun tó ń jẹ́ Tiw. "Friday" jẹ́ ti Frigg, aya Woden. "Wednesday" sì jẹ́ ti Woden fúnra rẹ̀, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ìdí tí lẹ́tà "d" fi wà láàárín "Wednesday" nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í pè é. Ọjọ́ Woden ni. Ẹni tó bá ti mọ Woden kò tún lè kọ ọ́ ní "Wensday" mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe ìpè-kọ fún wa.

ÌWÀ Ọ̀RỌ̀ MÁA Ń YÍ PADÀ

Bí èèyàn ṣe ń dàgbà tí ìwà rẹ̀ ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ wo "nice" tí a fi ń yin ara wa. Inú Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó kọ́kọ́ dé inú Gẹ̀ẹ́sì, òmùgọ̀ ni wọ́n ń fi pè. Díẹ̀díẹ̀ ló yí padà títí tó fi di ọ̀rọ̀ ìyìn.

"Silly" rìn lọ sápá kejì. Látìbẹ̀rẹ̀, ẹni ìbùkún, ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó wá di ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó di ẹni àánú, lónìí ó ti di aláìlọ́gbọ́n. Nítorí náà, tí tísà bá ní "silly boy" fún yín, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín nínú ara yín. Ẹ má ṣe rín in síta o!

"Girl" náà kò fìgbà gbogbo jẹ́ ti obìnrin nìkan. Nígbà kan rí, ọmọdé yòówù kó jẹ́, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin, "girl" ni.

ÀWỌN TÓ NÍ ÌTÀN LẸ́YÌN

"Candidate." Ní Róòmù àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ dupò máa ń wọ aṣọ ńlá funfun, wọ́n á fi ẹfun pa á kó lè máa dán. "Candidus" ni funfun tó ń dán lédè wọn. Ibẹ̀ ni "candidate" ti wá: ẹni tó wọ aṣọ funfun. Ìdílé kan náà ni òun àti "candle", àbẹ́là tó ń tànmọ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dupò síníọ̀ ní tọ́ọ̀mù yìí, ẹ rántí pé funfun ló wà nínú orúkọ yín. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín náà funfun.

"Muscle." Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí eku kékeré ni. Ẹ ká apá yín kò, kí ẹ tún nà án, kí ẹ wo bí iṣan apá ṣe ń sáré gòkè sáré sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ awọ. Ṣé kò jọ eku tó wà lábẹ́ aṣọ?

"Boycott." Orúkọ èèyàn ni. Charles Boycott ni ọ̀gágun kan tó ń bá olówó kan bójú tó ilẹ̀ ní Ireland. Ní ọdún 1880, àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó dín owó ilẹ̀ kù nítorí pé irè oko kò dára. Kò gbà. Wọn ò lù ú, wọ́n yẹra fún un ni. Kò sẹ́ni ládùúgbò tó bá a kórè, àwọn onísọ́ọ̀bù kò tà fún un, kódà ẹni tó ń pín lẹ́tà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kí ọdún náà tó parí, orúkọ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń fi ìwà ara rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìtàn.

"Robot." Èdè àwọn ará Czech ló ti wá. "Robota" ni iṣẹ́ àfipáṣe tí àwọn tálákà máa ń ṣe fún àwọn onílẹ̀. Karel Čapek kọ eré oníṣe kan ní ọdún 1920 nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe bí ẹní ṣe ọjà, ó ń wá orúkọ tí yóò pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ Josef ló sì dá a lábàá pé kó pè wọ́n ní robot. Nínú eré náà, àwọn robot pàpà dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ni ọ̀rọ̀ ẹrú àti ọ̀gá ti wà nínú rẹ̀.

"Serendipity." Èyí ló dùn lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn. Ó túmọ̀ sí kí èèyàn máa wá nǹkan kan kó wá ṣe kòńgẹ́ ohun mìíràn tó dára jù ú lọ. Serendip ni orúkọ tí wọ́n ń pe Sri Lanka láyé àtijọ́. Ìtàn kan wà nípa àwọn ọmọ ọba mẹ́ta láti Serendip tí wọ́n máa ń fi làákàyè àti oríire ṣàwárí ohun tí wọn kò wá. Ní ọdún 1754, Horace Walpole, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, fi ìtàn náà dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ nínú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì, ẹ rántí Alexander Fleming ní ọdún 1928: ó lọ lo ìsinmi, nígbà tó dé, ó rí i pé olú ti hù sínú abọ́ kan ní láàbù òun, àwọn kòkòrò tó wà láyìíká rẹ̀ sì ti kú. Bí wọ́n ṣe rí penicillin nìyẹn. Serendipity gidi!

TÌRÓÒ, ÀLÙBỌ́SÀ ÀTI ÁLÍJÉBRÀ

Ẹ̀yin tí ẹ kórìíra áljébrà, ẹ súnmọ́bí. Ní nǹkan bí ọdún 820, onímọ̀ kan ní Baghdad tó ń jẹ́ al-Khwarizmi kọ ìwé ìṣirò kan. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan wà nínú àkọlé rẹ̀: "al-jabr", ìyẹn ni kí wọ́n to ohun tó fọ́ pọ̀, bí ẹní to eegun tó ṣẹ́. Nígbà tí a bá mú nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò láti apá kan lọ sí apá kejì kí ìdọ́gba lè pé, eegun là ń tò yẹn o! Orúkọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì di "algorithm", ọ̀rọ̀ tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ò lè ṣe láìlò.

"Al" yẹn ṣe pàtàkì. Òun ni Lárúbáwá fi ń tọ́ka sí nǹkan pé "èyí gan-an". Ẹ ó bá a nínú "alcohol". Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: "al-kuhl" tó bí "alcohol" ni tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú! Láti ara tìróò kíkúnná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà pe ohunkóhun tí wọ́n bá yọ́ títí tó fi ku ojúlówó rẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé orí ọtí. "Al" yìí náà ló wà nínú àlùbọ́sà àti àlàáfíà tiwa, nítorí pé Lárúbáwá ni àwọn méjèèjì ti wá. Ẹ wò ó dáadáa: áljébrà tó wà nínú ìwé ìṣirò àti àlùbọ́sà tó wà nínú ọbẹ̀, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi "sine" kún un. Àwọn ará Íńdíà ló kọ́kọ́ pè é ní "jya", ìyẹn ọsán, okùn tí wọ́n so mọ́ ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà. Ẹ ya apá kan òbìrípo kí ẹ sì fi ìlà so etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ ó rí ọrun àti ọsán rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá gba ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kì í sáábà kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀, "jyb" nìkan ni wọ́n kọ. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ èdè ń túmọ̀ rẹ̀ sí Látìn ní nǹkan bí ọdún 1100 sókè, wọ́n kà á bí ọ̀rọ̀ mìíràn tó túmọ̀ sí ìṣẹ́po aṣọ níbi àyà, wọ́n sì kọ "sinus". Bí okùn ọrun ṣe di àyà aṣọ nìyẹn, tó sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ẹni tó ń sọ pé àmì ohùn Yorùbá kò ṣe pàtàkì, kó wá wo ohun tí àìkọ fáwẹ̀lì ṣe fún ìṣirò gbogbo ayé. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: tí ẹ bá yọ àmì kúrò, ṣé ọkọ ìyàwó lẹ ń sọ ni, àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, àbí ọkọ̀ tí a wọ̀ wá sílé ìwé?

"B" TÍ KÌ Í SỌ̀RỌ̀

"Debt" ti gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Kí ni "b" ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, "dette" sì ni wọ́n ń kọ, kò sí "b" kankan níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé "debitum" ti Látìn ni bàbá rẹ̀ àgbà, ni wọ́n bá ki "b" bọ̀ ọ́ nínú. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún "doubt". Ti "island" tún burú jù. Wọ́n rò pé ìdílé Látìn ló ti wá, wọ́n fi "s" sí i, bẹ́ẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá kọ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni orí wa ni kò pé. Nígbà mìíràn, àwọn tó ni ín ló da ojú rẹ̀ rú.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÌTÀN ÀGBÉLẸ̀RỌ

Kì í ṣe gbogbo ìtàn tó bá dùn ló jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé "news" jẹ́ àkékúrú fún North, East, West, South, nítorí pé igun mẹ́rin ayé ni ìròyìn ti ń wá. Ó dùn gan-an ni, pàápàá létí àwa ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn. Irọ́ ni. "New" ni nǹkan tuntun, "news" sì ni àwọn nǹkan tuntun. Nínú ìwé àtijọ́, "newes" ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ nígbà mìíràn. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ kan ló dúró fún nǹkan, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè tó dáńtọ́ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

TIWA NÁÀ WÀ NÍBẸ̀

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ti kà yìí, ẹ ó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè tó dá wà. Ó yá lọ́wọ́ Gíríìkì, ó yá lọ́wọ́ Látìn, Faransé, Lárúbáwá, Czech. Ó yá lọ́wọ́ wa náà. "Okra" tí àwọn Amẹ́ríkà ń pe ilá, ọ̀dọ̀ àwọn ará wa Ígbò ló ti lọ, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dá òkun kọjá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti Nàìjíríà. Danfo, okada àti buka wà níbẹ̀. Tokunbo náà wà níbẹ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tó ti òkun bọ̀, tó wá di orúkọ ọkọ̀ tó ti òkun bọ̀. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, wọ́n tún gba japa, agbero àti eba wọlé. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀bà ti di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì!

Ẹni tó bá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bírẹ́dì, tísà àti bọ́ọ̀lù inú Yorùbá kì í ṣe tiwa, ẹ dá a lóhùn pé èdè tó bá wà láàyè ló máa ń yá nǹkan, Gẹ̀ẹ́sì náà sì yá púpọ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÓ WÀ LÁRA PÁTÁKÓ

A ti dé orí ọ̀rọ̀ tí a ní ká fi sí ìkẹyìn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tàbí pátákó pé wọn ò gbọdọ̀ sọ "vernacular". Wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kó san owó tàbí kó gé koríko. Gbogbo wa la mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n ń bá wí, tàbí Ígbò, tàbí Hausa, tàbí Ègùn.

Níbo ni "vernacular" ti wá? Látìn ni. "Verna" ni ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé ọ̀gá rẹ̀. Láti ara "verna" ni "vernaculus" ti jáde, ohun tó jẹ́ ti ilé, ohun ìbílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó wá di èdè tí àwọn èèyàn ń sọ nílé.

A fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú. Àwọn onímọ̀ èdè ń lò ó láìní ìkà nínú, ó kàn jẹ́ èdè ojoojúmọ́ àwọn èèyàn kan ni. A ti sọ ọ́ lókè pé ìwà ọ̀rọ̀ máa ń yí padà, "nice" kì í ṣe òmùgọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wa nílé ìwé, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yí ìwà padà. Tí wọ́n bá ní ọmọ kan sọ "vernacular", ẹ̀ṣẹ̀ ló dá. Faransé kì í jẹ́ "vernacular", wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá sọ ọ́. Èdè tí ìyá ẹni fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nìkan ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ ẹrú pè.

Àwọn Gíríìkì náà ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni tí kò bá gbọ́ èdè wọn, wọ́n ní "bar-bar" lásán ló ń sọ lẹ́nu, ibẹ̀ ni "barbarian" ti wá. Ká má tan ara wa, àwa náà máa ń pe àwọn mìíràn ní kòbòkóbò fún ìdí kan náà. Kò dára lẹ́nu wọn, kò dára lẹ́nu wa.

A mọ ìdí tí àwọn olùkọ́ wa fi ṣe òfin náà. Wọ́n fẹ́ ká gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fẹ́ ká yege ní WAEC. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí ọmọ. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sì wo gbogbo ohun tí a ti sọ lókè. Mọ́kànlá ló jẹ́ ká tètè mọ "eleven". Erinmi ló jẹ́ ká rẹ́rìn-ín sí "hippopotamus". Tìróò ló jẹ́ ká mọ "alcohol". Yorùbá tó wà lórí wa ló ń bá wa ṣílẹ̀kùn Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀bẹ̀ tí a fẹ́ bẹ̀ kò tóbi. A ò sọ pé kí wọ́n gba Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní kíláàsì. Ohun tí à ń bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ níbikíbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí, kí wọ́n kọ dípò rẹ̀ pé "Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ ní kíláàsì". Òfin náà á dúró, ẹnikẹ́ni kò sì ní í fi èdè ilé rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa rò ó.

IṢẸ́ TIYÍN

Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford tí a dárúkọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ọdún 1857 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọdún 1928 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó parí. Àwọn òǹkàwé lásán ló ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé pélébé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí James Murray tó jẹ́ olóòtú, òun á tò wọ́n sínú ahéré onírin kan tó kọ́ sínú ọgbà rẹ̀.

Àwa náà lè ṣe é. Ẹ ó rí àpótí páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí. Tí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ kan tó yà yín lẹ́nu, ìbáà ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe èdè ilé yín, ẹ wo ilé rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè ní láíbìrì tàbí kí ẹ bi àgbà léèrè. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ fi àmì ohùn sí i, ẹ kọ orúkọ àti kíláàsì yín, kí ẹ jù ú sínú àpótí. Èyí tó bá dára jù la ó lẹ̀ mọ́bí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ẹ lè rí ibi bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ilé mẹ́ta yìí fún wa: "salary", "sandwich", àti wàkàtí. Ìmọ̀ràn díẹ̀ rèé: iyọ̀ wà nínú ìdílé ti àkọ́kọ́, ìjòyè kan ló ni ti ìkejì, ti ìkẹta sì jẹ́ ará ilé àlùbọ́sà.